Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń sọ ní sùkúù pé ọmọ Jamaica lòun, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé òkè òkun ẹ bá mi dá sí i

Ọmọ_Ajárá (Badagry):

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn odi náà ẹ kú àjò. Ọ̀rọ̀ kan ló ń jẹ mí lọ́kàn tí mo fi gbé e wá. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé London fi ọmọ ẹ̀ ránṣẹ́ sí wa fún ọlidé, ọmọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, ó ń dọ̀bálẹ̀ kí màmá wa láàárọ̀, kò sí oúnjẹ tá a gbé fún un tí kì í jẹ. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí NEPA mú iná lọ a jókòó síta, mo wá ń bi í bí àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ṣe ń pe orúkọ ẹ̀ ní sùkúù, ló bá ní orúkọ òyìnbó òun ni wọ́n ń pè, pé òun ti sọ fún wọn pé ọmọ Jamaica lòun.

Mo ní kí ló dé? Ó ní ìgbà tóun ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Year 7, tíṣà fi fídíò kan hàn wọ́n, ti àwọn ọmọdé tí ebi ń pa, tí eṣinṣin bò lójú, pé kí wọ́n dáwó fún Áfíríkà, ni gbogbo kíláàsì bá yíjú wo òun. Àtìgbà yẹn ni wọ́n ti ń bi í pé ṣé ẹ ní omi nílé yín, ṣé ẹ̀ ń gbé pẹ̀lú kìnnìún, ṣé bàbá ẹ ló ń kọ ìmeèlì sáwọn èèyàn pé ọmọ ọba lòun kí wọ́n fowó ránṣẹ́. Ó ní tèèyàn bá ní Jamaica lòun ti wá, wọn kì í bi í ní gbogbo ìyẹn, orin àti eré sísá ni wọ́n á máa sọ.

Kò tiẹ̀ fi ìbínú sọ ọ́, ìyẹn ló dùn mí jù, bí ẹni tó ń sọ pé òun pààrọ̀ bàtà ló ṣe sọ ọ́. Mo pe ìyá ẹ̀ lórí WhatsApp, ó ní òun mọ̀, pé òun ti ní kó máa fi fọ́tò Eko Atlantic àti Banana Island hàn wọ́n kí wọ́n lè mọ̀ pé a kì í ṣe akúṣẹ̀ẹ́. Ọkàn mi ò gba ìyẹn, àmọ́ mi ò mọ ohun tí màá fi dípò ẹ̀ torí mi ò gbé ìlú òyìnbó rí, Kútọnu àti Lomé ni mo mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bá wọn gbé, kí lẹ máa ń sọ fáwọn ọmọ yín?


Nọ́ọ̀sì_ọmọ_Ẹ̀pẹ́ (England):

Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ má bínú sọ́mọ yẹn rárá. Ọmọ ọdún mọ́kànlá tí odindi kíláàsì dojú kọ lẹ́ẹ̀kan náà, kí lẹ fẹ́ kó ṣe? Àwa àgbà gan-an ń rí i. Kí n tó kúrò nílé wọ́n ní kí n lọ ṣe IELTS, ìdánwò èdè òyìnbó. Òyìnbó ni wọ́n fi kọ́ mi láti pírámárì títí mo fi jáde ní sùkúù nọ́ọ̀sì, òyìnbó ni èdè ìjọba Nàìjíríà, àwọn fúnra wọn ló gbé e wá bá wa, síbẹ̀ mo gbọ́dọ̀ sanwó kí n tó fi hàn pé mo gbọ́ ọ, ọdún méjì péré sì ni èsì ẹ̀ fi wúlò, tí ìwé ẹ bá pẹ́ nílẹ̀ jù wàá tún lọ san òmíràn. Mo dé ibí tán, wọ́n ń yìn mí pé òyìnbó mi dáa o, ibo ni mo ti kọ́ ọ.

Ìyẹn ò tiẹ̀ ní oró. Bàbá kan wà lọ́jọ́ kan, mo gbé oògùn ẹ̀ dé, ó wo ojú mi, ó wo báàjì mi, ó ní ṣé kò sí nọ́ọ̀sì gidi nítòsí ni. Èmi ni nọ́ọ̀sì tó wà nídìí iṣẹ́ lóru yẹn o, ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ àpótí oògùn wà.

Èyí tó máa ń dẹ́rù bà mí ni tàwọn tí ìwà yìí lè pa. Wọ́n gbé ọmọkùnrin ọmọ ilẹ̀ wa kan wá, sickle cell ló ń dà á láàmú, ó ń jẹ eyín mọ́ra lórí bẹ́ẹ̀dì kó má baà kígbe. Ẹni tá a jọ ń ṣiṣẹ́ sọ sí mi létí pé oògùn ló kàn ń wá, pé tó bá jẹ́ òótọ́ ni ì bá ti máa ké. Mo mú fáìlì ẹ̀, mo ka ohun tí dókítà ẹ̀ kọ síbẹ̀ sókè, mo pe dókítà tó wà lórí iṣẹ́, mi ò kúrò níbẹ̀ títí wọ́n fi fún un. Ẹ má rò pé ìwà èèyàn kan ni o. Ní 2016 wọ́n ṣe ìwádìí kan ní Yunifásítì Virginia ní Amẹ́ríkà, wọ́n bi àwọn aláwọ̀ funfun tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà àtàwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ léèrè ọ̀rọ̀, àwọn 222, bí ìdajì wọn ló gba ó kéré tán irọ́ kan gbọ́ nípa ara èèyàn dúdú, bíi pé awọ wa nípọn ju tiwọn lọ. Àwọn tó gba irọ́ yẹn gbọ́ náà ló ń fojú kéré ìrora wa. Dókítà nìyẹn o, kì í ṣe ọmọ Year 7.

Ohun tí mo kọ́ ọmọbìnrin mi ni pé kó má rẹ́rìn-ín sí ohun tí kò pa á lẹ́rìn-ín. Tẹ́nì kan bá bi í bóyá a máa ń gbé pẹ̀lú kìnnìún, kó rọra bi í pé "ta ló sọ fún ẹ?" kó wá dákẹ́, kó dúró gba èsì. Ẹ ẹ̀ mọ bí ìyẹn ṣe ń ṣiṣẹ́ tó.


Ọmọ_Odogunyan (Ìkòròdú):

Ẹ jẹ́ n sọ tèmi, ẹ má bínú. Ọmọ yẹn ò ya òmùgọ̀ lójú mi o. Ẹni tó ń jẹun yó ló ń ráyè sọ̀rọ̀ pé ká máa yangàn pé ọmọ Áfíríkà la jẹ́. Èmi tí mo wà ní Odogunyan níbí, mo ní dìgírì, kò sí iṣẹ́, iná tí mo fi ń ṣáájì fóònù mi, ní ṣọ́ọ̀bù onígẹ̀run ni mo ti ń sanwó ẹ̀. Fídíò tí wọ́n fi hàn wọn yẹn, ṣé irọ́ ni? Ṣé kò sí ibi tí ebi ti ń pa ọmọdé ní ilẹ̀ Áfíríkà ni? Tí wọ́n bá fún mi ní fíísà lónìí tí wọ́n ní kí n máa jẹ́ ọmọ Jamaica kí n tó ríṣẹ́, ẹ̀yin ará, màá jẹ́ ẹ. Ẹ kọ́kọ́ tún ilé ṣe ná kẹ́ ẹ tó ní kí ọmọ máa fi yangàn.


Ìyá_Ọlọ́jà_Sábó (Ìkòròdú):

Odogunyan, mo gbọ́ ẹ dáadáa, ara ń ta ẹ́ ni. Àmọ́ má sọ pé wàá jẹ́ ẹ, torí tó o bá jẹ́ ẹ tán wọn ò ní fi ẹ́ sílẹ̀. Èmi ò lọ gbé níbẹ̀, ọjà ni mo ń lọ rà ní Guangzhou, ní Xiaobei tí àwa èèyàn dúdú máa ń dé sí, bàtà àti báàgì. Mo ti wọ ẹ̀rọ agbéniròkè tí obìnrin kan fi ọwọ́ bo imú láti ìsàlẹ̀ títí dé òkè. Mo wẹ̀, mo fi lọ́fínńdà. Òmíràn á fọwọ́ kan irun mi láìtọrọ àyè.

Nígbà tí kòrónà wá dé ní April 2020, wọ́n ní àwa aláwọ̀ dúdú là ń gbé e kiri, wọ́n lé àwọn èèyàn wa jáde nínú ilé tí wọ́n ti sanwó ẹ̀, òtẹ́ẹ̀lì ò gbà wọ́n. Mo wà nílé nígbà yẹn, ọmọkùnrin tó máa ń bá mi di ẹrù ló pè mí lórí fídíò látẹ̀bá títì, ó tẹ́ páálí sílẹ̀, báàgì ẹ̀ wà lórí itan ẹ̀, ó ní ẹ̀gbọ́n, rísíìtì owó ilé wà lọ́wọ́ mi. Femi Gbajabiamila tó jẹ́ olórí ilé aṣòfin nígbà yẹn pe aṣojú China, ó fi fídíò náà hàn án lójú gbogbo ayé, inú mi dùn sí i lọ́jọ́ yẹn. Ẹ wò ó, nígbà tí wọ́n ń lé wọn jáde, wọn ò béèrè bóyá ọmọ Jamaica ni wọ́n tàbí ọmọ Ghana. Awọ ni wọ́n wò. Ní Ukraine náà ní 2022, nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ wa tó ń kàwé níbẹ̀ ni wọ́n ń fà sẹ́yìn lẹ́nu reluwé, irú ìlú yòówù kí wọ́n ti wá. Irọ́ tí ọmọ yẹn ń pa ò lè dáàbò bò ó níbi tó ti le, ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ bá a sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣọ́ àwọn ọmọ wa náà lọ́wọ́ Yahoo o, torí ọ̀rọ̀ ìmeèlì ọmọ ọba yẹn, àwọn kan ṣe é.


Nọ́ọ̀sì_ọmọ_Ẹ̀pẹ́ (England):

Àwọn kan ṣe é lóòótọ́ mà, àmọ́ tí òyìnbó kan bá lu jìbìtì, orúkọ tiẹ̀ nìkan ni wọ́n ń kọ sínú ìwé ìròyìn, wọn kì í yíjú wo gbogbo ọmọ òyìnbó tó wà ní kíláàsì.


Bàbá_Ìpakòdò (Ìkòròdú):

Ẹ kú ìjíròrò, ẹ̀yin ọmọ mi. Hamburg ni mo ti ṣiṣẹ́, ní fáktírì, mo gbé ibẹ̀ títí orí mi fi hewú kí n tó padà sí Ìpakòdò. Odogunyan, ìwọ ni mo fẹ́ dá lóhùn, torí òótọ́ wà nínú ohun tó o sọ, àmọ́ o fi ìdí ẹ̀ sókè.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ọ̀hún, mo rò pé wọ́n ń fojú tín-ín-rín wa torí pé a ò ní nǹkan. Mo ń wá ohun tí màá fi hàn wọ́n kiri, gẹ́gẹ́ bí ìyá ọmọ yẹn ṣe ń wá fọ́tò ilé gíga. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé sí wọn lọ́jọ́ Sunday, tí mo ń bi àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ léèrè ọ̀rọ̀, ni ojú mi là. Òyìnbó Jámánì kan wà tó ń jẹ́ Leo Frobenius, ó wá sí Ilé-Ifẹ̀ ní 1910, ó rí orí idẹ tí wọ́n rí ní igbó Olókun, iṣẹ́ ọnà tó dára débi pé ó yà á lẹ́nu. Kí ló wá sọ? Ó ní kì í ṣe àwọn èèyàn dúdú tóun bá níbẹ̀ ló ṣe é, pé yóò jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará Gíríìkì ayé àtijọ́ kan, ó ní òun ti rí ìlú Atlantis tó rì sínú òkun. Ẹ gbọ́ o! Ó gbà kí ìlú tẹ́nì kankan ò rí rí gba ògo, ju kó fún ọmọ Ifẹ̀ tó dúró níwájú ẹ̀. Nígbà tó di 1938 wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, nítòsí ààfin Ọọ̀ni, wọ́n tún hú òmíràn jáde, wọ́n pọ̀. Lónìí kò sí ọ̀jọ̀gbọ́n kankan tó ń jiyàn mọ́ pé àwọn bàbá wa ló rọ ọ́, ní ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún sẹ́yìn.

Ṣé ẹ wá rí i? Tí a ò bá ní, wọ́n á ní a ò ní. Tí a bá ní, wọ́n á ní ẹlòmíràn ló ṣe é. Ilé gíga tẹ́ ẹ bá fi hàn wọ́n, wọ́n á ní owó epo rọ̀bì tí wọ́n jí ni wọ́n fi kọ́ ọ. Torí náà má fi tìtorí ẹnu wọn wá ohun tí wàá fi yangàn. Mọ̀ ọ́n fún ara ẹ.

Mo tún gbọ́ nípa ọkùnrin kan níbẹ̀, Anton Wilhelm Amo, ọmọ Axim ní ilẹ̀ tó di Ghana lónìí, wọ́n mú un lọ sí Jámánì ní kékeré, ó kàwé, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Wittenberg ní 1734, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ Jámánì ní Halle àti Jena. 1734 o, wọ́n ṣì ń kó ẹrú láti èbúté wa nígbà yẹn. Ní December 2022, èmi ti wà nílé, mo rí i lórí tẹlifíṣọ̀n tí ìjọba Jámánì kó ogún nínú àwọn ère Benin wá sí Abuja, èyí tí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ní 1897. Kò sẹ́ni tó ń gbé ohun tí kò níyì pamọ́ fún ọdún tó lé ní ọgọ́rùn-ún.


Ọmọ_Odogunyan (Ìkòròdú):

Ẹ ṣeun bàbá, mi ò gbọ́ ti Frobenius yẹn rí, wọn ò kọ́ wa. Àmọ́ orí idẹ Ifẹ̀ ò ní bá mi fi síífì (CV, ìwé tá a fi ń wáṣẹ́) síwájú ọ̀gá iṣẹ́. Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé òótọ́ ni pé tí wọ́n bá rí orúkọ Yorùbá lórí síífì wọn kì í pe èèyàn?


Nọ́ọ̀sì_ọmọ_Ẹ̀pẹ́ (England):

Àbúrò, mi ò ní purọ́ fún ẹ. Òótọ́ ni. Ìwádìí kan jáde láti Nuffield College ní Oxford ní 2019, wọ́n fi síífì tó lé ní 3,000 ránṣẹ́ síbi iṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwé ẹ̀rí kan náà, ìrírí kan náà, orúkọ àti ìlú àwọn òbí nìkan ni wọ́n ń yí. Nínú ọgọ́rùn-ún tó jẹ́ ọmọ òyìnbó, 24 ni wọ́n dá lóhùn dáadáa, tàwọn tí ìran wọn kì í ṣe òyìnbó, 15 péré. Ti àwa ọmọ Nàìjíríà, wọ́n ní èèyàn máa fi ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún kọ̀wé ju òyìnbó lọ kí èsì tó dọ́gba. Tí òyìnbó bá kọ mẹ́wàá, ìwọ kọ méjìdínlógún.

Nítorí náà ẹni tó bá kọ orúkọ òyìnbó sórí síífì, mi ò ní bú u, ilé àti ọmọ wà lọ́rùn ẹ̀. Èmi ò yí tèmi ṣá. Mo kọ̀wé, mo tún kọ ọ́, inú mi bàjẹ́ gidi. Àmọ́ ìpalára yẹn, àwọn ló ń ṣe é, orúkọ mi kọ́ ló ṣe é. Ibi tí ọmọ kékeré máa ń ṣì í nìyẹn, ó máa ń rò pé orúkọ ẹ̀ ló fa á.


Aláboyún_Agric (Ìkòròdú):

Ẹ jọ̀ọ́ mo fẹ́ fi èyí kún un. Ọkọ mi wà ní Canada, èmi náà máa lọ kí n tó bímọ. Ó ní ká fún ọmọ lórúkọ òyìnbó kan ṣoṣo kó má baà jìyà. Èmi ò fẹ́. Lẹ́yìn ohun tí Àǹtí Nọ́ọ̀sì wá sọ yìí, ẹ̀rù ti ń bà mí.


Bàbá_Ìpakòdò (Ìkòròdú):

Ọmọ mi, ẹ fún un ní méjèèjì, ẹ fi ti ilé ṣíwájú, kí ẹ sì máa fi pè é nílé lójoojúmọ́. Oríkì ẹ̀ pàápàá, ẹ máa kì í. Ọmọ tí wọ́n ń kì láàárọ̀ kó tó jáde, ohun tí wọ́n bá pè é níta ò ní wọlé sí i lára tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ tèmi tá a tọ́ sí Hamburg, ìyá wọn ń kì wọ́n níbi tá a ti ń dúró de bọ́ọ̀sì, àwọn òyìnbó á máa wò wá, kò kàn án.


Afinimọ̀nà_Gbẹ̀rẹ̀fú (Badagry):

Ẹ kú àárọ̀ o. Mi ò lè dákẹ́ sí èyí torí iṣẹ́ mi ni, èmi ni mo ń mú àlejò kiri nílùú wa níbí. Ọmọ Ègùn pọ́ńbélé ni mí. Kí n tó sọ tòyìnbó, ẹ jẹ́ kí n sọ tilé. Tí mo bá wọ bọ́ọ̀sì ní Mile 2 tí mo sì fi Ègùn gba fóònù, ẹ wo bí wọ́n ṣe máa ń wò mí, á ní "ará Kútọnu", á ní ṣé ìwọ ló ń wá iṣẹ́ ọmọ-ọ̀dọ̀. Ìlú tí a wà kí Nàìjíríà tó wà! Nígbà míì tí mo bá mú àwọn èèyàn dúdú ará Amẹ́ríkà wá, tí wọ́n ń sunkún lójú ọ̀nà, ẹnì kan á dúró lẹ́bàá títì, á ní "ẹ wo àwọn akátá", orúkọ àbùkù tí àwa ń pè wọ́n. Wọ́n ti mọ ọ̀rọ̀ yẹn báyìí, ó ń dùn wọ́n. Èèyàn tó rin irú ọ̀nà yẹn kó tó padà débí! Ohun tá ò bá fẹ́ kí wọ́n ṣe sí wa, ẹ jẹ́ ká yéé ṣe é síra wa.

Ọmọ_Ajárá, mo fara mọ́ ẹ pátápátá lórí fọ́tò Eko Atlantic yẹn. Tó bá jẹ́ ilé gíga la fi ń mọ èèyàn, a jẹ́ pé ìyá àgbà mi kì í ṣe èèyàn nìyẹn, torí inú ilé tí wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ló ti ń rin àgbọn, tó ń fún wàrà ẹ̀, tó ń sè é kalẹ̀ títí òróró á fi lé sókè, òróró yẹn ló fi rán ọmọ mẹ́fà ní sùkúù. Ọmọ yẹn ò gbọ́dọ̀ tijú ilé imọ̀ ọ̀pẹ, kó má sì jẹ́ kí wọ́n sọ fún un pé kò sí ju ìyẹn lọ. Ilẹ̀ kan tó ní orílẹ̀-èdè mẹ́rìnléláàádọ́ta, ta ló lè fi fídíò ìṣẹ́jú mẹ́ta sọ ọ́ tán?

Mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe fídíò yẹn. Ọkùnrin kan wá láti òkè òkun pẹ̀lú kámẹ́rà ńlá, a sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi ní Gbẹ̀rẹ̀fú, àwọn ọmọ sùkúù ń bọ̀, yúnífọ́ọ̀mù wọn mọ́, báàgì ń bẹ lẹ́yìn wọn, wọ́n ń kí i "good afternoon sir". Kò ya ẹyọ kan. Ó rìn kọjá wọn, ó lọ bá ọmọ kékeré kan tí ìyá ẹ̀ ń wẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ìyẹn ló gbé kámẹ́rà sí. Mo dúró síwájú kámẹ́rà ẹ̀, mo ní rárá. Ó bínú, ó sanwó mi kù. Kò kàn mí.

Ohun tí mo fẹ́ kí ọmọ yẹn mọ̀ rèé, torí bó pẹ́ bó yá wọ́n á sọ fún un ní kíláàsì pé "ẹ̀yin náà lẹ ta ara yín", tí kò bá sì mọ̀ tẹ́lẹ̀ ẹnu ẹ̀ á wọhò. Ìlú wa níbí, ilé Seriki Williams Abass wà, yàrá kéékèèké ogójì tí wọ́n ń kó èèyàn sí kí ọkọ̀ tó dé. Tèèyàn bá wọ ọ̀kan, fèrèsé ẹ̀ kò ju ihò lọ, ooru ibẹ̀ kì í jẹ́ kí àlejò pẹ́. Abass fúnra ẹ̀, ẹrú ni wọ́n ta òun náà ní kékeré, ó dé Brazil, ó padà wálé, ó wá ń ta èèyàn. Ó kú ní 1919, ibojì ẹ̀ wà nínú ọgbà yẹn.

Ìlú kan náà ni Àjàyí Crowther gbé. Wọ́n kó òun náà lẹ́rú ní Ọ̀ṣogùn ní 1821, ó ṣì kéré, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n lórí omi ní ọdún kejì. Ó dé Badagry ní 1845, ọdún tí wọ́n parí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1842, ó ń túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, 1864 ó di bíṣọ́ọ̀bù. Ẹ wò ó: ọmọdé méjì tí wọ́n tà, àwọn méjèèjì padà sí èbúté yìí, ọ̀kan ń ta èèyàn, ọ̀kan ń kọ èdè wa sílẹ̀. Ilé tiwa nìyẹn. Ọmọ tó bá mọ àwọn méjèèjì, kò sí tíṣà tó lè fi ọ̀kan pa á lẹ́nu mọ́.

Èyí tó kẹ́yìn. Mo mú obìnrin kan láti Bahia ní Brazil rí, a ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ lẹ́bàá títì, ìyá kan ń dín àkàrà. Obìnrin yẹn dúró gbọin, kò gbọ́ Yorùbá, kò gbọ́ Ègùn, ó na ọwọ́, ó ní "acarajé". Àwọn obìnrin aláṣọ funfun ń tà á ní Salvador títí dòní, inú epo pupa ni wọ́n ti ń dín in. Brazil ò dá ẹrú sílẹ̀ títí di 1888, pẹ̀lú gbogbo ìyà yẹn, wọn ò gbàgbé àkàrà. Ó ra ti igba náírà, ó jẹ ẹ́ lórí ìdúró, epo ń kán sí i láṣọ.

Ẹ mú ọmọ yẹn wá bá mi ní Saturday. Mi ò gba owó.


Ọmọ_Ajárá (Badagry):

Ẹ̀gbọ́n, Ọlọ́run á bù sí i fún yín. Ẹ̀yin náà, ẹ ṣeun, Bàbá Ìpakòdò mo dọ̀bálẹ̀. Mo jókòó tì í láàárọ̀ yìí, mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ fún un, mo ń túmọ̀ ibi tí kò yé e. Nígbà tí mo dé ibi ti Frobenius ó ní kí n tún un kà. Ibi ti Abass ló dá mi dúró sí, ó ní: "Uncle, ṣé kò rántí ìgbà tí wọ́n tà á ni?" Mi ò rí èsì fún un. Afinimọ̀nà, kí ni kí n sọ?


Afinimọ̀nà_Gbẹ̀rẹ̀fú (Badagry):

Àlejò àgbà ló máa ń bi mí ní ìyẹn, kì í ṣe ọmọdé. Má sọ nǹkan kan fún un. Jẹ́ kó bi mí nínú ọgbà yẹn, a máa jọ sọ ọ́, kò ní rọrùn. Mi ò ní bá a dárúkọ Abass ní akọni, mi ò sì ní jẹ́ kó rò pé òun ló kọ́kọ́ ra èèyàn. Àwọn tó ń dúró de ẹrù yẹn ní òdìkejì omi, wọ́n lórúkọ, wọ́n ní ilé ìfowópamọ́.


Nọ́ọ̀sì_ọmọ_Ẹ̀pẹ́ (England):

Ẹ jọ̀ọ́ tẹ́ ẹ bá dé ibẹ̀ ẹ pè mí lórí fídíò, kí ọmọ mi náà wò ó. Tí ọlidé bá gùn tó, ẹ mú un dé Ẹ̀pẹ́ nígbà ọdún Káyókáyó lẹ́yìn Iléyá, kó wá wo bí àwa ọmọ Èkó Ẹ̀pẹ́ ṣe ń rántí ìgbà tí Kòsọ́kọ́, ọba Èkó tí wọ́n lé kúrò lórí oyè, gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní 1851, ó máa jẹun débi tí kò ní lè dìde.


Ọmọ_Odogunyan (Ìkòròdú):

Mi ò tíì gbà pé èyí máa fún mi níṣẹ́ o. Àmọ́ mi ò dé Badagry rí láyé mi, àtìgbà tí wọ́n ti bí mi sí Èkó yìí. Ṣé mo lè bá yín lọ ní Saturday? Ọ̀nà wo ni mo máa gbà?


Afinimọ̀nà_Gbẹ̀rẹ̀fú (Badagry):

Máa bọ̀. Tètè jí, wọ ọkọ̀ láti Ìkòròdú dé Mile 2, ibẹ̀ ni wàá ti rí bọ́ọ̀sì Badagry, sọ fún kọ̀ńdọ́ pé Roundabout lo máa bọ́ sí, ọ̀nà yẹn kò dáa ní gbogbo ibi, má jókòó sẹ́yìn. Tó o bá dé, pè mí. Mú fìlà àti omi dání, ìrìn orí yanrìn Gbẹ̀rẹ̀fú jìnnà, oòrùn ibẹ̀ mú.